Ojú Ewé Ìsìnkú Nínú Ìwé Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kan tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan parapọ̀ dá sílẹ̀, àwọn aládùúgbò wa ní Bódìjà gbà pé físà là ń bá èèyàn ṣe. Àwa la fà á. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, ọ̀gá mi sì ní kò sídìí tí a ó fi gbé pátákó síta, kó má di pé àwa fúnra wa là ń júwe ilé fún wọn. Ohun tí àwọn aládùúgbò ń rí kò ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ, tí àwọn àlejò tó ń sọ Faransé ń gbé báàgì ìwé wọ̀, tí wọ́n tún ń gbé e jáde. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnìkan má kanlẹ̀kùn pẹ̀lú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́. Bí mo bá ṣàlàyé pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni iṣẹ́ wa, onítọ̀hún á mi orí bí ẹni tó gbọ́ àṣírí, á wẹ̀yìn, á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé ti Kánádà ńkọ́.

Ìpàdé, àkọsílẹ̀ àti ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Bí ìpàdé bá ń bọ̀, èmi ni mo máa kọ lẹ́tà ìpè, tí mo máa wá yàrá fún àlejò, tí mo máa to ìwé síwájú oníkálukú. Bí ìpàdé bá parí, èmi náà ni mo máa kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n rò pé àwọn sọ. Ọ̀gá mi, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó jẹ́ lọ́yà, tó sì ti pẹ́ nílùú òyìnbó kó tó padà wálé, kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Rúlà wà nínú báàgì rẹ̀. Bí mo bá kó ìwé fún un, á kọ́kọ́ wọn àlàfo etí ìwé náà kó tó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ìgbà kan wà tó dá ìròyìn nípa ìyà àwọn ẹlẹ́wọ̀n padà sí mi lẹ́ẹ̀mẹta nítorí kọ́mà.

Ìpàdé tí mo fẹ́ sọ yìí, ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni, ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road. Alága wa jẹ́ adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Faransé ló fi ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ ọ. Lára ohun tí ìpàdé fẹ́ fọwọ́ sí ni ìwé pélébé kan tí a kọ ní Yorùbá, tó ń sọ fún mẹ̀kúnnù ohun tó yẹ kó mọ̀ bí ọlọ́pàá bá mú un. Àlàájì kan tó nílé ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá ló bá wa tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìgbéyàwó, rìsíìtì, kàlẹ́ńdà, ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sóhun tí kì í tẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló kó ìwé náà wá nínú páálí. Mo ṣí ọ̀kan, mo wo ojú ewé kìíní àti ìkejì, mo rí i pé àmì ohùn pé. Ọ̀gá mi yọ rúlà, ó wọn etí ìwé. Ó gún régé. Ọkàn wa balẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Alága ní níwọ̀n ìgbà tí òun gbọ́ Yorùbá, òun fúnra òun ni yóò ka ìwé náà síta, kí n máa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ògbifọ̀ tó wà nínú àpótí onígíláàsì lẹ́yìn gbọ̀ngàn yóò wá gba Gẹ̀ẹ́sì tèmi, yóò sọ ọ́ di Faransé sétí àwọn tó kù. A kà á láti ojú ewé kìíní dé ìkarùn-ún, ó ń lọ geere. Alága ń kàwé bí ẹni tó ń dájọ́. Bí ìtumọ̀ bá sì ń lọ dáadáa báyẹn, ọpọlọ a máa sinmi, ẹnu nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́. Alága ṣí ojú ewé kẹfà, ó ní, “Gbogbo ìjọ yóò dìde dúró.”

Mo ti sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ògbifọ̀ sọ ọ́ ní Faransé. Aṣojú kan ní ìlà iwájú yọ awò ojú rẹ̀, ó dìde. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó, òun náà dìde. Nínú irú ìpàdé wa yẹn, wọ́n a máa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nígbà mìíràn nítorí àwọn tó kú sí àtìmọ́lé, mo sì gbà pé ohun tí wọ́n rò nìyẹn. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi wà lórí ìdúró. Alága gbójú sókè, ó rí i pé òun nìkan ló kù lórí àga, ni òun náà bá dìde. A doríkodò. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jókòó.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Alága tún wo ìwé, ó sì ń kà á nìṣó: “Àdúrà láti ẹnu àbúrò olóògbé.”

Ògbifọ̀ ń wò mí láti inú gíláàsì, ó ń fọwọ́ ṣe àmì sí mi pé kí n sọ̀rọ̀. Aṣojú tó kọ́kọ́ dìde fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ẹni tó kú.

Ọ̀gá mi kò jẹ́ kó jìnnà. Ó gba gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn fún ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi hàn, ó ní tíì ti dé. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó ń kí mi, ó ní ojú ewé kẹfà dé ìkẹjọ, ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan ni, nínú gbogbo ìwé tó wà lórí tábìlì. Kí n lọ bá òun wá Àlàájì rí.

Mo wọ takisí gba Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá. Àlàájì wo ìwé náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó jókòó. Ó ní ìwé wa àti ti ṣọ́ọ̀ṣì kan jọ wà lórí tábìlì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Iná lọ, wọ́n ṣí fèrèsé. Iná dé lójijì, fáànù sì gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bébà kan náà ni, ìwọ̀n kan náà, Yorùbá ni méjèèjì. Àwọn obìnrin méjì tó ń bá a to ìwé, nọ́ńbà ni wọ́n ń wò. Ẹẹ́fà ni wọ́n ń wá, ẹẹ́fà ni wọ́n rí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

“Àǹtí,” ó ní, “bí tiwọn bá wà nínú tiyín, tiyín dà?”

Ìsìnkú náà ń lọ lọ́wọ́ ní Agbowó. Àlàájì mú fìlà, a tún wọ takisí.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni. Èmi àti Àlàájì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a dúró lẹ́yìn, òun ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Bí a ṣe dé ni alàgbà tó ń darí ìsìn kéde pé a wà ní ojú ewé kẹfà. Ó tẹjú mọ́ ìwé díẹ̀, mo rò pé yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ètò ni wọ́n ní kó máa kà.

“Bí wọ́n bá mú ọ,” ó kà á, “béèrè ohun tí o ṣe.”

“Àmín,” ni ìjọ wí.

Ó ní má fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà. Wọ́n ṣe àmín. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ọ dé iwájú adájọ́ láìpẹ́. Wọ́n ṣe àmín tó lé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó dé ibi tí a kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nà ọ́ nínú àtìmọ́lé, àmín ọ̀hún mi páànù. Àlàájì náà ṣe é, mo gbọ́ ọ létí mi.

Lẹ́yìn ìsìn, a lọ bá àkọ́bí olóògbé láti tọrọ àforíjì. Àlàájì ti ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gbé e dìde, ó ní kò burú, ìyá òun kò fẹ́ràn ọlọ́pàá rárá nígbà ayé rẹ̀, bóyá ìyá náà gan-an ló fẹ́ kí wọ́n kà á. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ìwé náà padà kí a lè tẹ òmíràn. Kò sẹ́ni tó dá tirẹ̀ padà. Wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú aṣọ.

Ibi tí a ti ń wá bàtà wa ni ìyá arúgbó kan ti fa aṣọ mi lẹ́yìn.

“Ọmọ mi,” ó ní, “èyí tí wọ́n kà yẹn, ṣé àsọtẹ́lẹ̀ ni àbí òfin?”

Mo ní òfin ni, mà.

“Tó bá jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbààwẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ òfin, ibo ni wọ́n ti ń gbà á?”

Ọmọ rẹ̀ ń ṣe mẹkáníìkì. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí mọ́tò oníbàárà kan tó pòórá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọn kò gbé e lọ sí kóòtù, wọn kò sì fi í sílẹ̀. Bí ìyá náà bá lọ, wọ́n á ní kó wá lọ́la. Mo ti ń to ìwé nípa irú ẹni báyẹn fún ọdún bíi mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì fa aṣọ mi lẹ́yìn rí. Mo mú ìyá náà dání lọ sí ìpàdé.

Ó wọlé sí gbọ̀ngàn láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀gá mi ṣàlàyé ìdí tó fi wá. Kíá ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Aṣojú kan ní ìyá náà lè sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohun kẹrin nínú ètò ìpàdé. Òmíràn ní rárá, ohun kẹrin kan ìwé títẹ̀ nìkan. Ẹ̀kẹta béèrè bóyá ó ní lẹ́tà àṣẹ tí olùwòran fi ń wọ ìpàdé. Ẹnìkan wá dámọ̀ràn pé kí a yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kó tó di ìpàdé ọdún tó ń bọ̀. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìtìjú sì ń mú mi, torí èmi ni mo kọ ìlànà tí wọ́n ń tọ́ka sí.

Alága fọwọ́ lẹ́rán, ó gbọ́ wọn. Nígbà tó sú u, ó dìde, ó wọ́ àga kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó sì ń fi Yorùbá Kétu bi í léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀, ohùn wọn kò sókè, ẹnikẹ́ni kò sì túmọ̀ rẹ̀. Ògbifọ̀ bọ́ ohun etí rẹ̀ sílẹ̀. Alága padà sáyè rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti parí, kí ọ́fíìsì wa tẹ̀ lé ìyá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀, mo bi ọ̀gá mi pé abẹ́ ohun wo ni kí n fi í sí. Ó ní kí n fi í sábẹ́ “Ọ̀rọ̀ Mìíràn” ní ìparí ètò.

Ní ọjọ́ Ẹtì, èmi, ọ̀gá mi àti ìyá náà lọ. Ọlọ́pàá tó gbà wá kò rí wa fín. Ó gba lẹ́tà ọ̀gá mi, ó kà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ká wá lọ́jọ́ Ajé. Àlàájì ti tún ìwé wa tẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ní òun ti gbogbo fèrèsé pa, òun sì dúró ti tábìlì fúnra òun. Ìpàdé fọwọ́ sí i, àwọn àlejò lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́pàá náà sọ òótọ́ fún wa. Wọn kò rí fáìlì. Láìsí fáìlì, wọn kò lè gbé ọkùnrin náà lọ sí kóòtù, wọn kò sì lè dá a sílẹ̀, torí kò sí ibi tí wọn yóò kọ ọ́ sí. Ìyá náà fa ìwé ìsìnkú yọ, ó ṣí ojú ewé kẹfà, ó nà án sí i. Ọlọ́pàá gbà á, ó rí fọ́tò olóògbé lẹ́yìn ìwé, ó rọra ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà.”

Ọ̀gá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òfin. Èmi ń wo pẹpẹ onípákó tó wà lẹ́yìn ọlọ́pàá náà. Fáìlì kún un bámúbámú, èyí tí èèpo rẹ̀ mọ́ wà níwájú, àwọn tó ti ya wà lẹ́yìn. Mo béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí n bá wọn tò ó. Ọlọ́pàá náà wo ọ̀gá mi, ó wò mí, ó ní iṣẹ́ kí ni mo ń ṣe gan-an. Mo ní iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn.

Mo bọ́ bàtà, mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì, mo ń tò ó ní a, b, d. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá méjì fi wá ràn mí lọ́wọ́, wọ́n sì ń sọ orúkọ àwọn fáìlì mìíràn tí wọ́n ti ń wá fún mi, bóyá mo lè rí i. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí ti mẹkáníìkì. Wọn kò fi orúkọ rẹ̀ tò ó. Nọ́ńbà mọ́tò ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ìwé méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni ẹ̀sùn oníbàárà. Èkejì ni lẹ́tà tí oníbàárà náà kọ lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, pé àbúrò òun ló wá gbé mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìsọ fẹ́nikẹ́ni, pé òun kò bá mẹkáníìkì ṣẹjọ́ mọ́. Ọlọ́pàá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀.

Mẹkáníìkì jáde, irùngbọ̀n ti bò ó lójú, ó rù. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó fọwọ́ wá gbogbo ara rẹ̀ láti orí, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dùn ún, títí ó fi dé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé bàtà tí wọ́n kó fún un, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Ọlọ́pàá ní kó padà wá yan òmíràn nínú èyí tó wà nílẹ̀. Ó ní kò burú, sà, òsì méjì tó òun.

Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè nínú takisí ni bóyá òjò rọ̀, torí gíábọ́ọ̀sì kan tí òun tú sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú òun. Ó ní ká jọ̀ọ́, ká sọ òun sí Mọ́kọ́lá, kóun kọ́kọ́ wò ó. Ìyá rẹ̀ ní ilé ló ń lọ, omi ló máa kọ́kọ́ wẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí a fi dé Dùgbẹ̀. Ọ̀gá mi, tí kì í dákẹ́ níbi tí ẹjọ́ bá wà, ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Awakọ̀ bi mí pé ibo ni òun máa yà sí. Mo ní ohun tí ìyá bá wí ni.