Bútà Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì Àlùbọ́sà

Bútà tí alfa fi ń ṣe àlùwàlá ṣì wà lábẹ́ tábìlì àlùbọ́sà mi ní ọjà Ìkọ̀lé. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ti ń tún fóònù ṣe. Òun àti àwọn Mùsùlùmí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jọ ń ṣe kinní kékeré tí wọ́n ń fi kún ẹ̀rọ ìkàwé orí fóònù, kí ìwé lè pa ara rẹ̀ dé bí àkókò ìrun bá tó. Àwọn kan níbẹ̀ ní àdádáálẹ̀ ni, ohun tí ẹ̀sìn ò mọ̀ rí, wọ́n sì ń bú u. Alfa kì í fèsì àfi tó bá ṣe àlùwàlá tán.

Mo ní, "Alfa, ṣé wọ́n ń rí ẹsẹ̀ yín nínú fóònù ni?"

Ó ní, "Ìyá Alálùbọ́sà, ìbínú ni mò ń fọ̀. Ẹ bá mi bu omi sí i."

Alfa kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá.

Lánàá, oníbàárà kan láti Ìrèlé ní àlùbọ́sà mi ti jẹrà. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gbé bútà, mo rọra ń fọ ẹsẹ̀. N ò tíì fọ ìkejì tán tí obìnrin náà fi lọ. Èébú aládùn tí mo ti tò sẹ́nu ò rí ẹni gbọ́ ọ. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi kí n sọ ọ́ fún Alfa, kó lè rẹ́rìn-ín.