Ihò Ìṣó Lára Ògiri Pálọ̀

N kì í fẹ́ wo ihò ìṣó tó wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Kàbà. Ìwé aláwòrán kan nípa àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní ló kó sí mi lórí. Mo rí aṣọ tí ọ̀kan nínú wọn kàn mọ́ ògiri, ni mo bá fa aṣọ pupa tí àwa ará Bùnú fi ń sin àgbà yọ nínú àpótí ìyá mi, mo kan òun náà mọ́ ògiri.

Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló kú?"

Dípò kí n bẹ̀ ẹ́, ìwé ni èmi òmùgọ̀ ṣí hàn án. Ó wò ó títí, ó wá rọra bi mí pé, "Ẹni tó gbé èyí kọ́, ṣé ìyá tiẹ̀ ṣì wà láyé?"