Ìrìn Àjò Ṣakí Láàárín Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Ajé

Àkùkọ àwọn aládùúgbò wa ní Challenge kò tíì kọ nígbà tí mo ti géètì wa lẹ́yìn ara mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Àwọn tó ń lọ síbi òkú àti ìgbéyàwó ṣì ń sùn. Èmi tí mo ń lọ bẹ bàbá mi pé kó dárí jì mí kí n tó ṣẹ̀ ẹ́, mo ti dé ojú títì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé mi dìde. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ṣakí ló ń gbé, pẹ̀lú àbúrò mi Fọlákẹ́ tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti ń ṣú, nǹkan funfun kan ti bò wọ́n. Dókítà ojú kan tó máa ń ti ìlú mìíràn wá sí ọsibítù kan ní Ṣakí ṣèlérí pé òun yóò bá a yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó ní àfi kí èmi àkọ́bí òun wà níbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò mú irin dé ojú òun kí n má dúró ti òun. Ọjọ́ Ajé yìí gan-an ni wọn kò fún mi níbi iṣẹ́ mi ní Ring Road.

Lífù ọdún mi ti tán. Ọmọ mi tí ibà dá dúbúlẹ̀ ní ọsibítù Jẹ́ríkò ló jẹ ẹ́ tán. Ó ku èyí tí ilé iṣẹ́ wa máa ń fún ni nítorí òbí, yálà òbí ń ṣàìsàn tàbí ó kú: ọjọ́ mẹ́ta fún bàbá, ọjọ́ mẹ́ta fún ìyá, ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ẹni. Mo lọ bá ọ̀gá wa.

"Ìyá Tómi, bàbá yín ti kú," ló wí. "Èmi fúnra mi ni mo wá kí yín."

"Bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà nìyẹn, sà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Èyí ni bàbá tó bí mi lọ́mọ."

"Ohun tí ẹ sọ nígbà yẹn ni pé bàbá yín."

"Kí ni ǹ bá tún pè wọ́n, sà?"

"Ìyẹn ò kàn mí. Lọ́fíìsì, ẹnì kan ò lè ní fáda méjì. Ká rí ara wa láàárọ̀ Mọ́ńdè."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ bá mi dá sí i. Ta ló ń pe ẹni tó gbà á tọ́ láti kékeré ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi? Bí ọmọ bá pè é bẹ́ẹ̀, wọn kò ní ṣàì bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìwàkiwà. Nígbà tí Bàbá Mókọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi, papò dà, mo sọ pé bàbá mi ti lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí pé èwo nínú wọn. Ọ̀gá wa kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Ìbàdàn ni, òun náà sì ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Dádì Onírèké. Nígbà tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀, Yorùbá ló fi kí mi. Nígbà tó di pé kó ka bàbá mi, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kà á. Inú bí mi títí mo fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò kàn dúró sí Ṣakí kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan dán irú rẹ̀ wò níbi iṣẹ́ wa lóṣù tó kọjá. Ìgbà tó padà dé, ẹlòmíràn ló bá lórí àga rẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ méjì wà lọ́rùn mi. Mo wá rò ó pé kí n lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n bẹ bàbá pé kó jẹ́ kí Fọlákẹ́ dúró dípò mi, kí n sì padà lọ́jọ́ Àìkú.

Máíkírà ni mo wọ̀ ní Challenge, ènìyàn méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, bí a ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Dùgbẹ̀, àwọn obìnrin agbálẹ̀ nìkan ló wà lójú títì. Láti Mókọ́lá dé Sángo, ọ̀nà ṣófo tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ ń kọrin. Ní Agbówó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé báàgì gun ọ̀kadà, wọ́n ń lọ sílé àwọn òbí wọn. Mo jowú wọn. Bí a bá wà nílé ìwé, a máa ń ṣe bí ẹni pé ìyà ń jẹ wá, a kò mọ̀ pé ìgbà yẹn ni ọjọ́ jẹ́ tiwa.

Ní gáréèjì Mọ́níyà, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n ń gbà dé Ṣakí nínú ọkọ̀ elérò méje. Nígbà tí a lọ sin Bàbá Mókọ́lá ní Ṣakí, kò tó ìdajì iye yìí. Rasaki ni awakọ̀ wa ń jẹ́, ọmọ Ọ̀tu ni. Ẹni tó jókòó tì mí ni Àlhájà Sàráfà, tó ń ra òkìrìkà ní Ìbàdàn lọ tà ní Ṣakí. Kí ọkọ̀ tó kún, ó ti wádìí mi tán.

"Àǹtí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń wálé lọ́dún?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà. Bí iṣẹ́ bá le, ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Ọmọ mi tó wà ní London náà ń wá lẹ́ẹ̀kan. Ring Road yín wá jìnnà tó London nìyẹn."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ṣàlàyé fún un pé òun tó ń tajà ló ni ọjọ́ ara rẹ̀, ó lè lọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bó bá wù ú. Ní tiwa, Kérésì ni a mọ̀ dájú. Bí ọlidé ìjọba bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tàbí ọjọ́ Ajé, a lè gbìyànjú. Bó bá bọ́ sí Ọjọ́rú, aṣọ la ó fi fọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkú nìkan ló lè pe òṣìṣẹ́ wálé, nítorí òkú nìkan ni ọ̀gá ń gbà gbọ́.

"Ẹ ò wá rí alààyè wò nìyẹn," Àlhájà wí. Ó yíjú sí fèrèsé, kò sì bá mi ṣàwàdà mọ́ títí a fi dé Ìsẹ́yìn.

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ti dára báyìí, ọkọ̀ ń sáré níbẹ̀ láìgbọ̀n. Ní Ìsẹ́yìn, a jẹ ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ewé. Mọ́ínmọ́ín wọn tóbi ju ti Bódìjà lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti Bódìjà. Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ni kòtò bẹ̀rẹ̀. Rasaki mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yà fún wọn kí ojú wa tó rí wọn. Lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn obìnrin Fúlàní ń ta wàrà pupa, èyí tí wọ́n fi póòpó ọkà bàbà sè. Wàgáṣì ni wọ́n pè é nígbà tí a dúró rà á. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní òdìkejì bodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nìyẹn, ó sì ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí a dé Ọ̀tu, ọkọ̀ rọra dúró. Ìyá arúgbó kan ń dúró lábẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Rasaki na búrẹ́dì àti láílọ́ọ̀nù kan sí i láti ojú fèrèsé, ó kí i, ó bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni. Ó súre fún gbogbo wa pátá, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ká ní Ìbàdàn ni, èrò ì bá ti máa pariwo pé kí awakọ̀ wa ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, amín ni gbogbo wa ń ṣe.

Nígbà tí a tún gbéra, mo ní, "Bọ̀dá Rasaki, ẹ̀yin ń wálé lójoojúmọ́ nìyẹn."

"Mò ń wálé lóòótọ́, mà," ló dáhùn, "ṣùgbọ́n mi ò kí ń sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, màá pàdánù tọ́ọ̀nù mi ní gáréèjì Ṣakí."

Oòrùn ti wà láàárín orí nígbà tí a kọjá Àgọ́-Àrẹ tí a sì rí àwọn àpáta Ṣakí. Bàbá jókòó síwájú ilé, ó dojú kọ ọ̀nà tí kò lè rí mọ́. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi pe oríkì mi.

"Àbẹ̀kẹ́ ni. Ẹsẹ̀ ẹ ni mo gbọ́."

Mo kúnlẹ̀. Ó gbá orí mi mú, ó fọwọ́ pa á. Ní Ìbàdàn, bí o bá yọ láìròtẹ́lẹ̀, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa bi ọ́ pé kí ló dé. Ní tiwa ní Ṣakí, wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mu omi. Fọlákẹ́ gbé omi wá, ó gúnyán, mo jẹun. Gbogbo àsìkò yẹn, bàbá ń sọ fún mi bí òun yóò ṣe lọ wo oko òun fúnra òun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti bí òun yóò ṣe wo ojú Tómi kí òun mọ ẹni tó jọ.

Nígbà tí mo fọwọ́ tán, mo sọ fún un pé n kò ní lè dúró di ọjọ́ Ajé.

"Ọ̀gá yín mọ̀ pé bàbá ẹ ni?" ló bi mí.

N kò fẹ́ purọ́ fún un. Mo rò ó fún un bó ṣe rí, láti orí òkú Bàbá Mókọ́lá dé orí fáda méjì. Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ti sin mí tán, n kò gbọ́ sí i."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Kí ló burú ńbẹ̀? Èmi bí ẹ, ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ẹ. Bó bá jẹ́ pé bàbá kan ni wọ́n fẹ́ kà fún ẹ, ẹni tó yẹ ni wọ́n kà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní Fọlákẹ́ yóò dúró tì í, mo ní èmi náà yóò máa pè wọ́n lórí fóònù. Fọlákẹ́ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí.

"Àbẹ̀kẹ́, máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ. Òkú kì í ní kí ọmọ òun dúró ti òun ní ọsibítù."

Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó sọ ti ilẹ̀, ó sọ ti ewúrẹ́, ó bi mí léèrè ọkọ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí Fọlákẹ́ di iṣu àti òrí fún mi. Mo ní láti tètè lọ nítorí kò sí awakọ̀ tí í gba ọ̀nà yẹn lálẹ́ mọ́, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ò jẹ́. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ dágbére, ó súre fún mi, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan orí mi.

Lílọ kò le tó àbọ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ láti apá bodè, àwọn aṣọ́bodè ń dá wa dúró, wọ́n ń wá ìrẹsì tí kò sí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan tú ẹrù mi, ó gbé òrí náà sí imú. Ó bi mí pé kí ni mo lọ ṣe ní Ṣakí. Mo ní mo lọ kí bàbá mi. Ó ní ọmọ dáadáa ni mí. N kò mọ ìgbà tí omijé bọ́ lójú mi, ó sì yára ní ká máa lọ.

Mo dé Challenge ní ìrọ̀lẹ́, mo pín iṣu fún àwọn ará ilé. Tẹ́lẹ̀ rí, bí wọ́n bá bi mí léèrè iye ìgbà tí mo ń lọ sílé lọ́dún, ìtìjú ló máa ń ṣe mí. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé kì í ṣe pé n kì í lọ ló burú jù. Ẹni tó lọ, tí ọkàn rẹ̀ ń wo aago, kò dé ibẹ̀, àwọn tó lọ bá sì mọ̀. Mo kórìíra ọ̀gá mi fún un. Mo kórìíra ara mi díẹ̀ pẹ̀lú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wà lórí àga mi kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọ̀gá wa wọlé, ó rí mi, ojú rẹ̀ dán. "Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá Tómi. Bàbá ńkọ́?" Kò dúró gbọ́ èsì, ó kọjá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Fọlákẹ́ pè mí lọ́sàn-án. Ó ní bàbá wọ aṣọ láàárọ̀, ó dé fìlà, ó jókòó síwájú ilé, ó sì kọ̀ láti dìde. Dókítà dúró dè é, nígbà tó pẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Fọlákẹ́ kò fẹ́ sọ ọ́. Mo tún bi í.

"Bàbá ní kí ẹ má wulẹ̀ wá ní Kérésì. Wọ́n ní kí ẹ tọ́jú lífù yín. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ọ́fíìsì yín ò ní fún yín lọ́jọ́ kankan mọ́ nítorí àwọn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ọjọ́ tí ẹ máa fi wá sin àwọn."