Àpótí tí Ẹgbẹ́ Òbí Fún Tíṣà

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi gbé àpótí tuntun kan wọ ilé mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ó gbé e lé orí àga, ó sì ṣí i. Òórùn awọ tuntun àti gọ́ọ̀mù gba gbogbo pálọ̀. Ẹ̀kọ ni mo ń jẹ lọ́wọ́, mo sì gbé e sílẹ̀.

"Màámi, ẹ bá mi wò ó. Àwa ẹgbẹ́ òbí la rà á fún olùkọ́ Ìbùkún, ká fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó dáa?"

Ìbùkún ni ọmọ-ọmọ mi. Olùkọ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé yàrá kan ládùúgbò wa, ló jẹ́ kí ọmọ náà mọ ìwé kà. Mo ní, "Ṣé ó ń lọ ni?"

"Rárá o, Màámi! Ta ló ní ó ń lọ?"

Mo ń wo àpótí náà. Ó rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀, ó rọra pa àpótí náà dé. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn ti gbé mi lọ sí abúlé wa lọ́nà Ifẹ̀wàrà, níbi tí àwọn tí mo fẹ́ràn jù láyé ti dalẹ̀ mi, ní ojú ọ̀sán gangan, pẹ̀lú iyán àti ẹran ìgbẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, òmìnira ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Abúlé kòkó ni tiwa. Alámọ̀ ni ilé ìwé wa, àlòkù irin táyà ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi ọsàn sì ni aago rẹ̀. Ní àsìkò ìkórè, orí pápá eré wa ni àwọn bàbá ń sá kòkó sí, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ la ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá já sórí ẹní kòkó, òun ni yóò máa yí kòkó nínú oòrùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bóyá ìdí nìyẹn tí a kò fi ní agbábọ́ọ̀lù gidi kankan lábúlé wa.

Tíṣà Láníyan ló kọ́ mi. Ọmọ Òṣogbo ni, ó tínrín, ó máa ń wọ ṣòkòtò kakí tó ti fi sítáàṣì nà gbọnrangandan, ó sì ní kẹ̀kẹ́ kan tó ń tọ́jú bí ọmọ. Bí a bá ní "ulé", yóò kọ "ilé" sójú pátákó. Àwa náà yóò kà á sókè ní "ulé", yóò mi orí, yóò sì rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ òbí ìgbà náà kò mọ káàdì ìkíni, wọn kò sì mọ òdòdó. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, àwọn bàbá yóò kóra jọ lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò ṣán oko fún un, wọn yóò kọ ebè fún un. Àwọn ìyá yóò gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sí i láàárín. Nítorí ní ilẹ̀ wa nígbà náà, àlejò tí a bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ la ń fún un. Ẹni tó bá sì ti sú wa, a kò ní lé e. A ó kàn fún un ní ohun tí èèyàn ń gbé rìnrìn àjò, òun náà yóò sì mọ ohun tí à ń wí. Mo mọ ti ilẹ̀ dáadáa. Ti ìkejì, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni kòkó. Àwọn tíṣà tó ti wà ṣáájú mọ bí wọ́n ṣe ń di ojú bí àwọn ọmọ kò bá wá sílé ìwé lásìkò tí wọ́n ń fọ́ kòkó. Tíṣà Láníyan kò mọ̀ ọ́n. Yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú oko, yóò kí àwọn bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nídìí òkìtì kòkó, yóò sì kó àwọn ọmọ wọn lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá mi tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ òbí ló ń rẹ́rìn-ín jù. Lọ́dún yẹn òjò rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá a ṣe oko. Koríko bo ebè àtijọ́. Mo rí i, mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni tíṣà ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin ní Iléṣà. Bí a bá ti parí ilé ìwé, èmi àti òun yóò jókòó sídìí igi ọsàn, a ó máa ṣe ìṣirò. Ó máa ń sọ pé, "Kí n ṣáà wà níbí di ọjọ́ ìdánwò. Wàá wọlé." Bàbá mi náà ń fi mí yangàn káàkiri pé èmi ni n óò kọ́kọ́ wọ bàtà lọ sílé ẹ̀kọ́ Iléṣà. Mo gbà á gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí. "Uṣẹ́ ńlá ni mo fẹ́ rán ẹ," ó ní. "Àwa òbí fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà yín. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́." Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Mo ń ka ọ̀rọ̀ náà lójú odò, mò ń kà á fún àwọn ewúrẹ́. Ìyá mi di ṣùkú fún mi lọ́jọ́ ìdúpẹ́ náà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni, ṣùgbọ́n títí ó fi di irun náà tán, kò sọ nǹkan kan.

Gbogbo abúlé jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Mo sọ̀rọ̀ mi láìṣe àṣìṣe, mo sì fi gbólóhùn kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi: "Ẹ má fi wá sílẹ̀ o, sà." Tíṣà bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. Bàbá mi ní kí n ṣí aṣọ tó bo ẹ̀bùn náà. Mo ṣí i. Àpótí aláwọ ni, ó ń dán, òórùn rẹ̀ sì gba ibẹ̀ kan.

Mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan.

Tíṣà ti pẹ́ láàárín wa, ó mọ àṣà wa. Ó ń wo àpótí náà. Bàbá mi dìde, ó ní, "A dúpẹ́ o, tíṣà. A ti bá àwọn aláṣẹ ní Iléṣà sọ̀rọ̀, wọn á fún yín níbi tó dáa ju ibí lọ. Ọ̀nà á dára o." Àwọn ìyá dáhùn pé "Àmín", ìyá mi náà dáhùn.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá," ni tíṣà wí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó rọra ní, "Ṣé ìwọ náà mọ̀?"

Mo mi orí pé rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbé iyán kọjá láàárín wa, n kò mọ̀ bóyá ó rí mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, a bá àpótí náà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ó ṣófo. Tíṣà ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá mi pè é ní alágídí, ó gbé àpótí náà sórí àjà. Tíṣà mìíràn kò dé títí ìkórè fi parí. Ìdánwò sì ti kọjá. Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n ní mo ti dàgbà ju ẹni tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní Òṣogbo ni wọ́n fi mí fún. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá mi gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ látorí àjà, ìyá mi sì ń to aṣọ mi sínú rẹ̀. Òórùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo sunkún débi pé ohùn mi há. Wọ́n ní ẹkún ìyàwó ni, wọ́n sì ń yìn mí pé mo mọ̀ ọ́n sun.

Ọkọ mi ṣèèyàn, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá rí ọkùnrin tínrín kan tó wọ kakí lórí kẹ̀kẹ́ ní Ọjà Ọba, n óò gbé igbá mi sílẹ̀, n óò sá tẹ̀lé e. Kì í ṣe òun rí. Bàbá mi kú, mo sin ín bó ti yẹ. N kò tíì dárí jì í tán.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó ọmọ mi. Ó jókòó ti àpótí náà, ó ní, "Kí la wá máa fún un, Màámi?" Lónìí, orí fóònù ni ẹgbẹ́ òbí ti ń ṣèpàdé, kò sí ọmọ tó ń fọ́ kòkó mọ́. Síbẹ̀, ẹnu òbí ló ṣì ń mú tíṣà dúró, òun náà ló ń lé e. Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé mi. Kí wọ́n sọ fún un pé kó wá máa dá a, kí àwọn bàbá sì wá bá a kọ ebè.

Olùkọ́ náà wá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ọkọ́. Àwọn bàbá mélòó kan tẹ̀lé e, kò sí èyí tó mọ ebè kọ nínú wọn. Mo gbé àga síta, mò ń wò wọ́n. Nígbà tó nàró láti nu òógùn, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi.

"N kò mọ̀ o, sà," mo ní.

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́."