Alàgbà Tí Kì í Búra

Ẹ má rò pé àròsọ ni mo fẹ́ sọ o. Ojú mi ló ṣe, mo sì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ lónìí. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n ò fẹ́ pariwo.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù, ní Warehouse Road ní Àpápá. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, lẹ́bàá Boundary. Fóònù tó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ti gbogbo ayé ni.

Eré kan wà tá a máa ń ṣe lórí fóònù, àwa mẹ́jọ tá ò mọ ojú ara wa. Obìnrin kan tó ń darí eré náà á yan ẹni méjì ní olè ní ìkọ̀kọ̀. Àwa tó kù á máa wádìí wọn lẹ́nu, a ó sì dìbò yọ ẹni tá a bá fura sí.

Mo ní òṣùwọ̀n tèmi. Ẹni tó bá búra kí ẹnikẹ́ni tó ní kó búra, olè ni. "Wọlahi, èmi kọ́!" Olè. "Mo fi ìyá mi búra!" Olè paraku. Ẹ gbà mí gbọ́, n kì í sábà ṣì í.

Ẹnì kan wà láàárín wa tó ń jẹ́ Alàgbà Ìjọrà. Òun kì í búra. Tá a bá fẹ̀sùn kàn án, á kàn kọ ọ́ pé, "Ẹ wò mí dáadáa kí ẹ tó dìbò." Ìdí nìyẹn tí mo fi fọkàn tán an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú burúkú. Mo gbé ìrẹsì mi jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ ìbòòji kọ̀ntéénà tó wà lórí tírélà. Bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn; ní Àpápá, tírélà tó tò sójú títì ni igi wa. Awakọ̀ rẹ̀ tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń hanrun. Eré wa ti le: àwa mẹ́ta péré ló kù, èmi, Alàgbà àti ẹnì kan, olè kan sì wà nínú wa.

Fóònù mi dún. Alàgbà ló kọ̀wé sí èmi nìkan: "Ọmọ mi, dìde kúrò nínú ìbòòji yẹn."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Yàtọ̀ sí awakọ̀ tó ń sùn, n ò rí ẹnì kankan. Mo kọ ọ́ padà pé, "Ta ló sọ ibi tí mo wà fún yín, sà?"

"Mo fi Ọlọ́run búra. Dìde."

Háà! Ó búra! Òṣùwọ̀n mi ní olè ni. Mo ní ó fẹ́ kí n gbé fóònù jù sílẹ̀ kí àsìkò ìdìbò kọjá lórí mi ni. Mo tún bu ìrẹsì sẹ́nu.

Àmọ́ mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹni tí kì í búra rárá, kí ló dé tó wá búra lónìí? Tó bá tàn mí, eré lásán ni mo pàdánù. Tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Mo fọwọ́ kan awakọ̀. "Ẹ̀gbọ́n," mo rọra pè é, "ẹ jẹ́ ká kúrò níbí."

"Wetin happen?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ ṣáà dìde, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ń kùn, ó ń wọ́ ẹní rẹ̀ nílẹ̀. A ò tíì dé ẹnu géètì wa tí ọkọ̀ mìíràn fi gbá tírélà náà lẹ́yìn. Wọn ò fi irin ti kọ̀ntéénà yẹn mọ́ ọkọ̀ rárá. Ó yẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ gbì! Bẹ́ǹṣì mi rún wómúwómú. Awakọ̀ dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, èmi náà sì sunkún.

Nígbà tí mo padà wọ ọ́fíìsì, mo kọ̀wé sí obìnrin tó ń darí eré náà, pé kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Alàgbà. Ó dáhùn pé:

"Àǹtí mi, Alàgbà wo? Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé wọ́n ti sin ín. Ẹ̀yin méje lẹ̀ ń ṣeré látìgbà náà."

Ó ní wáàfù ni baba náà ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Òun ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ti kọ̀ntéénà mọ́ ọkọ̀ kó tó jáde.

Títí dòní, n ò mọ ẹni tó kọ̀wé sí mi. Awakọ̀ yẹn ti bí ọmọ méjì lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì ń pè mí lọ́dọọdún láti gbàdúrà fún mi. Àdúrà ọ̀hún, mo máa ń pín in fún Alàgbà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sábẹ́ ìbòòji kọ̀ntéénà. Tí ẹni tí kì í búra bá sì búra fún yín, ẹ kọ́kọ́ dìde ná. Tẹ́ ẹ bá ti dìde tán, ẹ lè wá máa wádìí ẹni tó jẹ́.