Igbá Ẹ̀gúsí fún "Had" Kọ̀ọ̀kan

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgbòho, ẹ̀gúsí ni wọ́n fi kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó ti kọjá ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa máa ń kọ sójú pátákó, kí a sọ èyí tó yẹ kí a fi "had" sí. Èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni. Kí ló wá le níbẹ̀? Àwa tí a ti ń sọ ọ́ láti ilé pé òjò ti dá kí a tó lọ sóko! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì í, ilé tíṣà ló ń gbà lọ lẹ́yìn ìwé, yóò bó ẹ̀gúsí igbá kan fún ìyàwó wọn. Èèpo ẹ̀gúsí a máa gún ni lábẹ́ èékánná. Bí a bá wá ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀ ata lálẹ́, omi á bọ́ lójú ẹni.

Lásìkò ọyẹ́, mo kọ gbólóhùn òjò yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà sì ní mo gbà á. Nígbà tí ẹ̀gúsí jáde lóko tíṣà, gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í. Ara fu mí. Mo ṣí ìwé mi sẹ́yìn, mo da gbólóhùn òjò kọ láìyọ lẹ́tà kan. Wọ́n fa igi méjì kọ́ra lé e lórí! Mo bó ẹ̀gúsí lọ́jọ́ náà, mo ń sunkún ìbínú.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Bàámi níbi tí wọ́n ti ń pọ́n àdá.

"Bàámi, ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n ní mo gbà á níbí, wọ́n ní mo ṣì í níbí."

Bàámi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ àmì gúùdù yàtọ̀ sí igi méjì tó kọ́ra? Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé ìwọ lo wá mọ̀wé ju tíṣà lọ ni? Lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n."

Mo kúnlẹ̀. Tíṣà ní àwọn ti dárí jì mí, kí n wá bó igbá kan sí i. Irú ìdáríjì wo nìyẹn?

Lóde òní, fóònù ní í tún Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ṣe kí wọ́n tó ṣẹ́jú, kò sì sí tíṣà tó láyà láti kó ọmọ ọlọ́mọ lọ bó ẹ̀gúsí. Èmi náà ti di tíṣà ní Ṣakí. Ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó ni mo máa ń rà lọ́jà, n kò jẹ́ fọwọ́ kan eléèpo. Bí ọmọ kan bá sì na ìwé sí mi pé, "Mà, ẹ wò ó, mo gbà á," nígbà mìíràn ó ti ṣì í pátápátá. Mo máa ń wò ó. Wíwò yẹn náà ni mo bẹ Bàámi fún.