Bíbélì Tí Mo Sá Sóòrùn

Ìyá ọkọ mi kò fi góòlù sílẹ̀ fún wa, wọn kò sì fi iyùn sílẹ̀. Bíbélì kan ni wọ́n fi sílẹ̀, aláwọ dúdú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó tí wọ́n fi okùn bàtà rán an padà. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Àwọn àbúrò ọkọ mi ti bèèrè rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ ọ́ lójú mi pé, "Ìyàwó, ṣé ìwọ ni Màmá bí ni?" Mo ní rárá, wọn ò bí mi, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n gbé e fún. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fara balẹ̀, kò gùn púpọ̀, kò sì kúrú.

Ọdún tí mo wọ ilé ọkọ, Yábàá kò tíì kún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín ilẹ̀ ni, igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé wa, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti Ìdó. Iṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ mi ń ṣe. Bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti kú kí n tó dé, jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú kó tó fi Èkó ṣe ibùgbé. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń gbé inú ilé pẹ̀lú wa, tàbí kí n kúkú sọ òótọ́, àwa là ń gbé inú ilé pẹ̀lú wọn.

Láràárọ̀, kí ọkọ mi tó lọ síbi iṣẹ́, Màmá á jókòó sórí àpótí, wọn á ṣí Bíbélì, wọn á sì kà á fún wa. Áà, Màmá mọ̀wé kà! Ohùn wọn á máa lọ bí ẹni ń da òróró sínú ìgò. Wọn kì í kọsẹ̀, wọn kì í pa ọ̀rọ̀ jẹ, wọn kì í sì lo awò ojú. Ọkọ mi a máa fi wọ́n yangàn níbi iṣẹ́, a ní, "Ojú Màmá mi, ojú àṣá ni." Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà yanjú, bí mo bá dé ibi orúkọ àwọn ọba ayé àtijọ́, ahọ́n mi á máa ta kókó. Ohun kan ṣoṣo tí mo kíyè sí ni pé ibi mẹ́rin péré ni Màmá ń kà, tí wọ́n bá kà á tán, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù nìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Màmá ní kí n kó ohun inú àpótí sá sóòrùn nítorí aáyán.

"Bá mi sá Bíbélì náà pẹ̀lú," ni wọ́n wí, bí wọ́n ti ń gbé agbọ̀n lọ ra ẹja ní Ìwáyà. "Ṣùgbọ́n kí o rọra o."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ta ló lè kó ìtara ìyàwó tuntun níjàánu? Mo di èèpo ìwé náà mú lọ́tùn-ún lósì, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo sì gbọ̀n ọ́n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, bí a ti máa ń gbọn ìwé àkọsílẹ̀ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́. Aáyán kan jábọ́, ó sá lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin jábọ́, pẹ̀lú ìyẹ́ ẹtù, bọ́tìnnì idẹ kan, ewé kòkó gbígbẹ, àti ìrépé aṣọ funfun kan tó ti pọ́n. Mo ti na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ kí orí mi tó sọ fún mi pé ohun tí àgbà bá fi pamọ́ kì í ṣe pàǹtí. Mo ṣa gbogbo rẹ̀, mo sì fi wọ́n sáàárín ìwé padà, dọ́gbadọ́gba, bí ẹni ń gbin àgbàdo, kó lè gún régé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wù mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ṣí ibi tí ìyẹ́ ẹtù wà. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù olùṣọ́-àgùntàn, ohùn wọn ń dùn. Mo wo ojú ìwé, mo tún un wò. Ìran Ábúráhámù ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹni yìí bí ẹni yìí, ẹni yẹn bí ẹni yẹn. Ìka Màmá ń rìn lórí orúkọ àwọn bàbá àti àwọn ọmọ, ẹnu wọn sì ń da àgùntàn lọ sétí odò.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Màmá kò mọ ìwé kà.

Ó ní láti jẹ́ pé bàbá ọkọ mi ló ti máa ń kà á fún wọn nígbà ayé rẹ̀. Ibi tí Bàbá bá fẹ́ràn, wọ́n á fi nǹkan kan há a, Màmá á sì há ibẹ̀ sórí. Ìyẹ́, ewé, bọ́tìnnì, àwọn ni lẹ́tà tiwọn. Èmi tí mo kàwé ni mo wá da gbogbo lẹ́tà náà rú. Ọkọ mi dijú ní iwájú wa, ó ń ṣe àmín.

Ká ní bẹ́ẹ̀ náà ló mọ ni, ǹ bá ti pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìrántí Bàbá. Gbogbo ọmọ ló máa wá, Màmá ló sì máa ń kàwé lọ́jọ́ náà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, olùkọ́ ìjọ tí a ń pè ní Tíṣà, á wà níbẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa láìsí awò, ọ̀rọ̀ ojú Màmá tí kò nílò awò sì ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá yọjú wo ìwé náà pẹ́nrẹ́n, iyì tí Màmá ti kó jọ láti ìgbà èwe wọn á dà sílẹ̀ ní pálọ̀, lójú ọmọ àti àna, èmi ni mo sì dà á.

Ṣé kí n sọ fún ọkọ mi ni? Ẹni tó bá sọ fún ọkọ mi ti sọ fún gbogbo rélùwéè. Ṣé kí n sọ fún Màmá? Bí mo bá ní "Màmá, mo da nǹkan yín rú," mo ti sọ pé mo mọ̀ nìyẹn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọgbọ́n wádìí. A jókòó sẹ́yìn ilé, à ń họ ìpẹ́ ẹja.

"Màmá, bọ́tìnnì inú Bíbélì yẹn ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kóòtù bàbá ọkọ rẹ ni. Ó rí ẹnì kan tí wọ́n lù bolẹ̀ lọ́nà Iléṣà, ló bá bọ́ kóòtù fún un. Bọ́tìnnì nìkan ló gbé wálé. Mo bínú o! Kóòtù tuntun!"

Mo sáré lọ fọ ọwọ́, mo sì gbé bọ́tìnnì lọ sọ́dọ̀ ará Samáríà.

"Ìyẹ́ ẹtù ńkọ́, Màmá?"

"Ìyẹn? Bàbá ọkọ rẹ sùn nínú igbó, ó ń gbọ́ nǹkan tó ń tẹ ewé, ó ní ẹkùn ni. Ó gbàdúrà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹtù ni." Mo gbé ìyẹ́ náà padà sí Sáàmù olùṣọ́-àgùntàn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí di Sátidé. Tíkẹ́ẹ̀tì ni Bàbá fi wọ ọkọ̀ lọ bẹ bàbá tirẹ̀ lẹ́yìn ìjà ọlọ́dún gbọọrọ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ onínàákúnàá. Ewé kòkó jẹ́ ti oko àkọ́kọ́ tí ewúrẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ afúnrúgbìn. Ó wá ku aṣọ.

Màmá fi ọwọ́ ẹja bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. "Èyí tí mo máa kà lọ́la nìyẹn, ọjọ́ ìrántí nìkan ni mo ń kà á. Ọjọ́ tí bàbá ọkọ rẹ bú sẹ́kún lójú mi ni. Mi ò ní sọ fún ọ. Ọkùnrin lọkùnrin ń jẹ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbá ìpẹ́ yẹn jọ, olófòófó!"

Mo rò ó. Aṣọ funfun, ọkùnrin tó ń sunkún ayọ̀, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe ìgbéyàwó? Mo fi aṣọ sí ibi ìgbéyàwó Kánà, mo sì sùn fọnfọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé kún. Tíṣà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ti Màmá.

"Màmá, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo máa jókòó sí lónìí. Mo fẹ́ rí irú lẹ́tà tí ojú yín ń rí."

"Tíṣà, lẹ́tà kan náà ni o," ni Màmá fèsì, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣí ibi tí aṣọ wà. Mo na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà, mo rí Kánà, ọkàn mi balẹ̀. Màmá la ẹnu. Jónà ló jáde! Jónà ti dìde, ó ti sá, ó ti ń wá ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí àwọn ará Kánà ṣì ń wá ọtí lórí ìwé.

Tíṣà ti ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wá awò ojú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀, ó wo àpò kejì. Ó yọ ọ́, ó fi èémí sí i, ó ń fi etí agbádá nù ún. Kó tó fi kọ́ etí, mo ti la àárín èèyàn kọjá, mo ti kúnlẹ̀ sáàárín àpótí méjèèjì.

"Màmá, ìwé náà wúwo. Ẹ jẹ́ n gbé e dání fún yín."

Mo gbà á, mo gbé e sókè níwájú wọn. Gèlè mi ga lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ṣeun. Tíṣà yọrí sọ́tùn-ún, gèlè ló rí. Ó yọrí sósì, gèlè náà ni. Màmá wò mí. Wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ju Jónà sínú òkun, tí ẹja gbé e mì, tó sì pọ̀ ọ́, láìsí pé wọ́n tún ń fi ìka wá ohunkóhun. Wọn kò kàwé dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí àmín parí, Tíṣà bọ́ awò, ó nu ojú. "Ẹ wo ìyàwó! Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé! Ó kúnlẹ̀ gbé Ìwé Mímọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀!" Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fèsì. "Ṣé ẹ̀yin náà á kúnlẹ̀ gbé e fún ìyá tèmi? Àwọn rèé."

Títí di òní, ìyàwó tó bá wọ ilé wa gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ gbé Bíbélì fún àgbà tó bá ń kà á. Wọ́n ní àṣà Ìjẹ̀ṣà ni. Mi ò jiyàn.

Nígbà tí àlejò tú ká, oòrùn ṣì wà lókè, Màmá pè mí sí yàrá.

"Ìyàwó, ṣé apá kò ro ọ́?"

"Ó ro mí, Màmá."

"Ibo lo fi aṣọ mi sí?"

Mo kúnlẹ̀. "Kánà ni, Màmá. Ẹ dárí jì mí. Mo rò pé aṣọ ìgbéyàwó ni."

"Ìgbéyàwó!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di bẹ́ẹ̀dì mú. "Ìgbòkun ni! À ń lọ sí ọjà Ẹ̀jìnrìn, ìjì dé bá wa lórí ọ̀sà, ìgbòkun ya. Bàbá ọkọ rẹ rọ̀ mọ́ mi, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Má sọ fún ọmọ rẹ̀ o."

"Mi ò ní sọ, Màmá."

"Tèmi náà ńkọ́?"

"Mi ò ní sọ tiyín náà."

"Bí mo bá kú, o lè sọ ọ́, á pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ná." Wọ́n na ìwé sí mi. "Gbé aṣọ náà síbi tó yẹ."

Mo wá Jónà kàn, mo fi ìrépé ìgbòkun náà sí i. Màmá kò pa ìwé dé. Wọ́n tẹ̀ síwájú.

"Níbo ni ẹja wà níbẹ̀?"

Mo di ìka wọn mú, mo gbé e lé e. Wọ́n wò ó, wọ́n gbé ìwé sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà.

"Èyí náà ni ẹja?"

"Òun ni, Màmá."

"Ẹja tó gbé odidi ọkùnrin mì, òun ló kéré báyìí? Fi Jónà náà hàn mí, kí n wò ó bóyá ó lè gbà á."